Ẹ̀ẹ̀mélòó Ni Rubén Lu Akoto Rẹ̀?

Nígbà kan rí, bí o bá kan ilẹ̀kùn Orrin Haske lẹ́ẹ̀kan, yóò ní kí o wọlé. Bí o bá kàn án lẹ́ẹ̀mejì, yóò dìde dúró láàárín ilé, ẹnu rẹ̀ yóò là díẹ̀, kò sì ní sọ nǹkan kan títí o fi máa ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ. Gbogbo wa ní ìlú Tolliver la mọ̀ bẹ́ẹ̀. A ti kọ́ àwọn ọmọ wa pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń kan ilẹ̀kùn Orrin, kí wọ́n sì dúró. Àwọn kan rò pé ìgbéraga ni. Arlene ìyàwó rẹ̀ ní etí ló ń dùn ún. Èmi mọ ohun tó ń ṣe é. Odidi ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi mọ̀ ọ́n tí n kò sọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èmi ni ìtàn rẹ̀ já lé lọ́wọ́.

Wendell Reisig lorúkọ mi. Ọkọ̀ akẹ́rù ni mo ń wà. Mo ń kó bíìtì, gbòǹgbò tí wọ́n ń fi ṣe ṣúgà, láti oko lọ sí ilé iṣẹ́ ṣúgà tí òórùn rẹ̀ máa ń bo gbogbo ìlú wa láti oṣù kẹwàá títí yìnyín á fi bo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, bí àwọn ọmọ ilé ìwé wa bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, ọ̀pá ni mo máa ń dì mú. Ẹ má fi bọ́ọ̀lù wa wé ti ẹlẹ́sẹ̀ o. Ọwọ́ la fi ń jù ú, ọwọ́ la fi ń mú un, a ń gbé e sáré, ẹni tí kò bá sì fẹ́ kí o kọjá yóò fi gbogbo ara rẹ̀ kọlù ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹgbẹ́ kan ní láti gbìyànjú kí wọ́n tó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wọn, nọ́ńbà orí ọ̀pá mi ló sì ń sọ fún gbogbo ayé pé ìgbìyànjú kelòó ni wọ́n wà. Mo máa ń yí nọ́ńbà náà, mo sì máa ń rìn lẹ́bàá ìlà. Iṣẹ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òfin kan ṣoṣo ló wà nídìí rẹ̀. Ẹni tó di ọ̀pá mú kò gbọdọ̀ pàtẹ́wọ́, kò gbọdọ̀ hó, kò sì gbọdọ̀ bá agbábọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló wà lórí pápá. Odi ni wọ́n ń pe àwa tí à ń di ọ̀pá mú. "Àwọn odi ti dé," bí rẹfirí ṣe máa ń sọ nìyẹn tó bá rí wa, tó sì máa ń fún wa ní fẹ́sì pupa wọ̀. Mo fẹ́ràn orúkọ náà nígbà yẹn, mo tiẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé. Mo kórìíra rẹ̀ báyìí.

Orrin yìí, a jọ dàgbà ni. A jọ ro bíìtì fún bàbá rẹ̀ láti ìgbà tí a kò ì tíì ga ju ewé bíìtì lọ. Ó lọ sí yunifásítì fún ọdún kan, orúnkún rẹ̀ yẹ̀ lórí pápá níbẹ̀, ó bá padà wálé wá kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ káfíńtà, ó sì ń ṣe kóòṣì wọn. Ènìyàn tó fara balẹ̀ ni. Bó bá rí àlàfo láàárín pákó méjì, kò ní lè jẹun títí yóò fi dí i. Pẹ́ńsù káfíńtà kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀, òun náà ló fi ń ya eré bọ́ọ̀lù sára àfọ́kù pákó. Bí a bá pàdé nílé kọfí láàárọ̀ Sátidé, pákó ni yóò tì sí mi lábẹ́ imú kí n tó fi ẹnu kan kọfí.

Ọdún 1988 ni Rubén Arellano bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ọmọ kan ṣoṣo tí Delfina tó ń dáná nílé ìwé bí. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí ọwọ́ rẹ̀ bá kàn, ó mú un nìyẹn. Ó lè mú un, ó lè gbé e sáré, bó bá sì di dandan, ó lè jù ú fún ẹlòmíràn.

"Wendell," Orrin sọ fún mi ní ilé kọfí lọ́jọ́ kan, "ọmọ yìí kì í ṣe irinṣẹ́ kan. Odindi àpótí irinṣẹ́ ni."

"Kí lo wá fẹ́ fi kàn? Ilé?"

"Màá fi tú ilé wọn ká ni."

Ẹgbẹ́ mìíràn tó bá ní amúbọ́ọ̀lù tó dáa, ẹ̀gbẹ́ ìlà ni wọ́n ń fi í sí títí eré á fi parí, ẹni tó fẹ́ ṣọ́ ọ sì mọ ibi tí yóò ti bá a. Orrin kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi mẹ́ta ló fún lórúkọ. Bí Rubén bá dúró ní ìkángun pápá, Ayùn nìyẹn, yóò gé pápá já gbọọrọ. Bó bá dúró lẹ́yìn ajubọ́ọ̀lù, Òòlù nìyẹn, wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́ kó fi gbá àárín wọn. Èyí tó burú jù ni Ìfági. Rubén á bẹ̀rẹ̀ láti ìkángun kan, á sáré gba iwájú ajubọ́ọ̀lù kọjá kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀, bí ìfági káfíńtà ṣe ń gba ojú pákó. Ó lè gba bọ́ọ̀lù, ó lè má gbà á. Àwọn ọmọ tó ń kojú wa á wá máa kígbe mọ́ ara wọn, "Ta ló mú un? Ta ló mú un?" Kò sẹ́ni tó mú un. Ẹni mẹ́jọ mẹ́jọ là ń gbá ní ìlú kéékèèké bíi tiwa, ọ̀kan péré tó bá sì ṣìnà nínú mẹ́jọ, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Ẹgbẹ́ mẹ́fà la nà tẹ̀ léra wọn lọ́dún yẹn.

Ìyọnu kan ló kù. Pápá wa kò ní iná, ọ̀sán la ń gbá a, àwọn ọmọ wa sì máa ń dúró níhà ìlà oòrùn. Bó bá ti di ìdá kẹta nínú mẹ́rin tí eré ní, oòrùn á ti wọ Orrin lójú. Bí Rubén bá wà níhà ìwọ̀ oòrùn lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ àwa odi, Orrin á fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń fa ayùn, tàbí kó di ẹ̀ṣẹ́, tàbí kó fi àtẹ́lẹwọ́ fá afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ bóyá ọmọ náà rí i. Ìdáhùn ló ń fẹ́. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ èyí kó yé yín: níbi gbogbo tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù yìí, agbábọ́ọ̀lù tó bá fọwọ́ lu akoto orí rẹ̀ ń sọ pé kí wọ́n yọ òun, ara òun kò dá. Orrin fi ti ara rẹ̀ kún un. Ó ní, "Lu akoto lẹ́ẹ̀kan, o ti rí mi. Lù ú lẹ́ẹ̀mejì, kí n yọ ọ́."

Mo ní, "Kí ló dé tí kò lè nàka sókè?"

Ó ní, "Ìka ti kéré jù, Wendell. Ojú oòrùn ni mò ń wò."

Ọjọ́ Ajé ló dá òfin náà sílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Ìdá kẹta eré ni. Ẹnìkan ti kọlu Rubén ní àárín pápá, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dìde, àwọn èrò sì pàtẹ́wọ́ fún un nígbà tó dìde. Ó rìn wá sí ìkángun níhà ọ̀dọ̀ wa. Kò ju ìgbésẹ̀ méjì lọ láàárín èmi àtòun. Ojú rẹ̀ ń wò mí, ṣùgbọ́n kò rí mi. Lọ́hùn-ún, Orrin fi àtẹ́lẹwọ́ fá afẹ́fẹ́. Ìfági. Rubén gbé ọwọ́ sókè.

Pá. Pá.

Mo rí i, mo sì gbọ́ ọ. Orrin fi ọwọ́ bo iwájú orí rẹ̀ nítorí oòrùn, ó mi orí bí ẹni tó gbọ́, ó sì yíjú sí ajubọ́ọ̀lù. Mo la ẹnu. Mo fẹ́ pariwo, "Orrin, ẹ̀ẹ̀mejì ni!" Mo wá rántí pé odi ni mí, àti pé rẹfirí wà lẹ́yìn mi. Mo sì sọ fún ara mi pé Orrin á ti rí i, pé iṣẹ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi. Bọ́ọ̀lù kúrò nílẹ̀. Rubén sáré, ó gba bọ́ọ̀lù, kò sì rí ọmọ tó ń bọ̀ láti apá òsì rárá. Ó ṣubú, kò dìde mọ́. Ilé ìwòsàn kan ní ìlú ńlá ló kú sí lọ́jọ́ Àìkú.

Orrin gba fídíò eré náà, ó sì wò ó títí téèpù fi fẹ́ já. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ya fídíò máa ń pa á láàárín eré kan sí èkejì kí téèpù má bàa tán. Bí fídíò ti ṣí, Rubén ti ń sáré. Kò sí ìlù akoto níbẹ̀. Ó wá bá mi nílé kọfí, kò mú pákó kankan lọ́wọ́.

"Wendell, ìwọ lo sún mọ́ ọn jù. Ẹ̀ẹ̀mélòó ló lù ú?"

Mo wo inú kọfí mi. "Nọ́ńbà orí ọ̀pá ni mò ń yí. Mi ò wo ibẹ̀."

Irọ́ tí mo pa nìyẹn. Ó gbà mí gbọ́ torí pé n kò parọ́ fún un rí láti kékeré. Mo rò pé mo ń ṣàánú rẹ̀ ni. Kí ni ì bá ṣe bó bá mọ̀ pé ọmọ náà bẹ òun, tí òun sì mi orí? Ara mi gan-an ni mo ń ṣàánú. Ẹni tó gbọ́ tí kò sọ̀rọ̀ jẹ̀bi ju ẹni tí oòrùn fọ́ lójú, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Delfina pè é sí ibi ìdáná ilé ìwé. Mo wà níbẹ̀, mo gbé àpò ìyẹ̀fun wá fún un.

"Orrin, ṣé ọmọ mi ní kí wọ́n yọ òun?"

"Delfina, mi ò mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí akoto. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀ẹ̀kan ni àbí ẹ̀ẹ̀mejì."

Kò pariwo mọ́ ọn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára épúrọ́ọ̀nù. "Lọ wádìí ẹ̀. Ọjọ́ tó o bá mọ̀, kó o wá sọ fún mi. Nǹkan míì ò sí tí mo fẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

Èmi dúró síbẹ̀, àpò ìyẹ̀fun ṣì wà léjìká mi.

Àwọn ará ìlú kò dúró de ìwádìí kankan. Ẹnìkan sọ ọ́ nílé kọfí, ẹlòmíràn tún un sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé akọni lọmọ náà, pé kò ní kí wọ́n yọ òun. Kó tó di ọdún kejì, wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà sára ògiri ilé tí àwọn ọmọ ti ń múra eré, ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́: RUBÉN KÒ NÍ KÍ WỌ́N YỌ ÒUN. Gbogbo ọmọ tó bá ń jáde lọ sórí pápá á fọwọ́ lu ògiri náà kó tó sáré wọlé. Delfina kì í gba ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn. Ẹ̀yìn ilé ìwé ló máa ń gbà yí po wá sí ibi tó ti ń ta oúnjẹ lọ́jọ́ eré. Ọbẹ̀ ẹ̀wà aláta àti búrẹ́dì dídùn onísínámọ́nì ló ń tà, ó sì máa ń fún àwa odi ní búrẹ́dì lọ́fẹ̀ẹ́. "Ẹ̀yin tí wọ́n ò jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀," á wí, "ó yá, ẹ fi jẹun." Mo máa ń gbà á. Mo máa ń jẹ ẹ́ tán.

Orrin ti àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ pa. Láti ọdún náà, ọmọ tó bá dúró lápá òsì, apá òsì ló máa wà títí yóò fi jáde ilé ìwé. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń wá bá wa gbá á mọ ohun tí a fẹ́ ṣe kí àwa fúnra wa tó mọ̀ ọ́n. "Màmá màmá mi lè pe eré Orrin láti orí ibùsùn," ni ẹlẹ́ran ìlú wa máa ń wí, "adití sì ni!" Orrin máa ń gbọ́ ọ, kì í bínú. Ohun tó ń bá a jà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ní kíláàsì káfíńtà, bí ọmọ kan bá lu ìṣó, pá, pá, ọwọ́ rẹ̀ á dúró lójú afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, á dìde. Arlene sọ fún mi pé ó máa ń jókòó síwájú ògiri nílé, á lu akoto àtijọ́ kan lẹ́ẹ̀kan, á tẹ́tí, á tún lù ú lẹ́ẹ̀mejì, á tẹ́tí, bóyá ọ̀kan nínú wọn á jọ ohun tó rí lọ́jọ́ náà. Arlene wá lọ ń sùn ní yàrá kejì.

Èmi náà kò bọ́. Bí bíìtì bá ń já sínú ọkọ̀ mi, mo máa ń kà á. Tí mo bá dúró ti ìlà lọ́jọ́ Ẹtì, tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, ara mi á sọ fún mi pé ẹnìkan dúró sí ìgbésẹ̀ méjì sí mi. N kò ní yíjú wò ó. Mo mọ ẹni tó jẹ́.

Ọdún 2007 ni Tanner Lebsack dàgbà tó láti gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ìwé wa. Bí ọmọ náà ṣe ń mú bọ́ọ̀lù, ẹ̀rù ba àwọn tó ti gbọ́njú ní 1988. Ẹnu gbogbo ìlú wá kò sí Orrin lára. Ẹlẹ́ran ní, "Orrin, o ní ọmọ báyìí, o wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kó máa ka ẹyẹ!" Orrin kọ̀, ó kọ̀, ìgbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta tí Tanner fúnra rẹ̀ wá bá a, ó gbà. Ó gbé pákó wá sílé kọfí. Ó ya Ìfági síwájú mi.

"Mo ti yí àmì yẹn padà," ó wí. "Bó bá ti rí mi, apá ni yóò gbé sókè, gbogbo apá. Akoto, ó di ti jíjáde nìkan. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan o, ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá o, mo yọ ọ́."

"O ṣe é dáadáa."

"Ọdún mọ́kàndínlógún ti pẹ́ jù, Wendell." Ó fi pẹ́ńsù sẹ́yìn etí. "Mi ò tíì rí nǹkan kan sọ fún Delfina."

Mo san owó kọfí mi, mo sì jáde.

Ẹgbẹ́ méjì la nà pẹ̀lú Tanner. Ní ọjọ́ Ẹtì kẹta, mo wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ń jáde bọ̀. Tanner fo sókè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá ọ̀rọ̀ ara ògiri náà, àwọn èrò sì hó. Ní ìdá kẹta eré, ó gbé bọ́ọ̀lù bọ́ sáàárín wọn, orí òun àti ti ọmọ kan sì pàdé. Gbogbo wa gbọ́ ọ. Ó dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó rìn wá sí ìkángun lọ́dọ̀ mi, ó sì yíjú sí mi.

"Ọ̀gbẹ́ni Reisig," ó wí jẹ́jẹ́, "apá ibo là ń lọ?"

Agbábọ́ọ̀lù kì í bá odi sọ̀rọ̀. Rẹfirí wà lẹ́yìn mi. Mo la ẹnu.

"Tanner, lu akoto rẹ."

"Rárá o." Ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ń yí. "Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní Tolliver. Ṣé ẹ ò rí nǹkan tí wọ́n kọ sára ògiri ni?"

Lọ́hùn-ún, Orrin gbé ọwọ́ kan bo iwájú orí, ó sì fi èkejì fá afẹ́fẹ́. Ìfági. Tanner gbé gbogbo apá rẹ̀ sókè, ó ti rí i. Orrin mi orí.

Mo ju ọ̀pá sílẹ̀. Mo wọ inú pápá pẹ̀lú fẹ́sì pupa lọ́rùn mi, mo kọjá lára Tanner, mo kẹ̀yìn sí oòrùn tó ń wọ Orrin lójú kí òjìji mi lè bọ́ síwájú, mo sì gbé ọwọ́ sókè. Mo lu orí ara mi. Pá. Mo dúró kó bàa lè kà á. Pá.

Fèrè rẹfirí ń ké lẹ́yìn mi. "Ẹ̀yin odi! Baba, kí lẹ̀ ń ṣe nínú pápá mi?" N kò wẹ̀yìn. Orrin lọ́hùn-ún ti sọ ọwọ́ tó fi bo ojú sílẹ̀. Ó ń wò mí. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó tọ́ka sí Tanner, ó sì pariwo pé kó jáde, òun fúnra rẹ̀ sì sáré la pápá kọjá wá dì í mú lápá. Ọmọ náà ń sunkún pé kí wọ́n má yọ òun. Dókítà sọ lálẹ́ ọjọ́ náà pé bí wọ́n bá tún gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i, a kì bá tí rí i mọ́. Rẹfirí gba fẹ́sì lọ́rùn mi, ó sì ní kí n má padà wá.

Orrin bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù mi lẹ́yìn eré. Kò jókòó, kò sì sún mọ́ mi.

"Lọ́jọ́ yẹn," ó wí. "Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni, Orrin. Mo gbọ́ ọ. Mo purọ́ fún ẹ."

Mo rò pé yóò gbá mi. Ó kàn mí èémí, bí ẹni tó gbé ẹrù wúwo sọ̀kalẹ̀ tí kò sì mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọ́. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Èmi kọ́ ni kó o sọ fún," ó wí. "Máa bọ̀."

Delfina ń nu tábìlì ibi tó ti ń ta oúnjẹ. Irun rẹ̀ ti funfun tán. Orrin dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tì mí síwájú. Mo sọ ọ́, mo sọ ìgbésẹ̀ méjì náà, mo sọ ojú tí kò rí mi, mo sọ ohùn akoto náà gẹ́gẹ́ bó ṣe dún. Kò gbé ojú sókè títí mo fi parí.

"Ó ní kí wọ́n yọ òun," ó wí.

"Ó ní kí wọ́n yọ òun, Delfina."

"Èmi ni mo kọ́ ọ. Mo ní, bí ara bá ń dùn ẹ́, sọ. Mo ti ń rò láti ọjọ́ yìí pé kò gbọ́ tèmi." Ó jókòó. Ó fi aṣọ ìnutábìlì bo ẹnu rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Orrin wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tí kò dára, ó sì ní, "Ó sọ fún mi, Delfina. Ó sọ fún mi, mi ò rí i." Delfina gbé ọwọ́ lé orí Orrin, kò sì mú un kúrò.

Lẹ́yìn náà ó wò mí lókè orí Orrin.

"Wendell. Búrẹ́dì mélòó lo ti jẹ lọ́wọ́ mi?"

Mo gbìyànjú láti kà á, Ọlọ́run mọ̀, mo dúró níbẹ̀ mo ń kà á.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Orrin gbé ọ̀dà funfun lọ sídìí ògiri náà láti pa gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ rẹ́. Delfina bá a níbẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ojú ọ̀nà ògiri náà gan-an ló gbà wá. Ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì pa rẹ́. Ó kun KÒ títí kò fi hàn mọ́, ó fi ìyókù sílẹ̀, ó sì dá búrọ́ọ̀ṣì padà fún un. Ohun tó wà níbẹ̀ dòní nìyẹn: RUBÉN NÍ KÍ WỌ́N YỌ ÒUN.

Orrin ti ń dáhùn bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn rẹ̀, iyekíye tó wù kí wọ́n kàn án. Ó ti padà sí yàrá ìyàwó rẹ̀. Tanner kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n ó ṣègbéyàwó lọ́dún tó kọjá, mo sì wà níbẹ̀. Délé dóko, Delfina ń kí mi bó ṣe ń kí gbogbo ènìyàn. Kò fún mi ní búrẹ́dì mọ́, èmi náà kò sì lọ tọrọ rẹ̀.

Ìdí ọgbà ni mo ti ń wòran lọ́jọ́ Ẹtì báyìí, láàárín àwọn àgbà tó ń jókòó sórí koríko. Àwọn ọmọ ṣì máa ń lu ògiri náà bí wọ́n bá ń jáde. N kò mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń lù ú. Ọmọ kan tẹ̀ lé èkejì, pá, pá, títí gbogbo wọn á fi wọ pápá. Mo máa ń dìde dúró.